Ẹni Tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ Máa Bá Lọ

Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ mú gbogbo wọn lọ ṣe họ́lídé nínú ọkọ̀ ojú omi, ìyá àgbà bi í pé kí ló ṣe ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò sóhun tó ṣe ilẹ̀. Ó ní ọkọ̀ náà tóbi bí odindi àdúgbò, pé oúnjẹ wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, pé àwọn ọmọdé ní yàrá eré tiwọn, pé àgbàlagbà kì í ṣe ju kó jókòó lọ.

"Màmá, ẹ ti rán aṣọ tó. Ẹ wá sinmi."

Ìyá àgbà gbà. Aránṣọ ni, iwájú ẹ̀rọ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Kò fura. Ó yẹ kó fura, torí ọmọ rẹ̀ kì í fún èèyàn ní nǹkan lásán, ìyá àgbà sì mọ ilé tó ti kọ́ ọ.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìdílé náà ṣe rí. Nọ́ọ̀sì bí ọmọbìnrin kan nígbà tí kò tíì lọ́kọ, tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́. Ọmọ náà ò tíì já lẹ́nu ọmú tó fi gbé e fún ìyá rẹ̀, tó ní òun ń padà bọ̀ wá gbé e. Ó parí ẹ̀kọ́, ó ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó lọ́kọ, ó bí ọmọkùnrin. Ọmọbìnrin wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó tín-ín-rín, ni wọ́n bá ń pè é ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìyá àgbà ló ń pè ní Màámi. Ìyá tó bí i, Àǹtí ló ń pè é. Kò sẹ́ni tó bá a wí sí i, ẹni tó bá tọ́ ọmọ ni ọmọ ń pè ní ìyá. Àwọn ará àdúgbò náà, Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe ìyá àgbà. Nọ́ọ̀sì tó lóyún rẹ̀, tó rọbí rẹ̀, Ìyá Gbajúmọ̀ ni ìyá ara rẹ̀ ń pè é. Gbajúmọ̀ ni ọmọkùnrin kékeré yẹn. Ibikíbi tó bá dé ló máa ń bọ́ra síhòòhò kí gbogbo ayé lè wò ó.

Tí ìyá àgbà bá ń pe "Ìyá Gbajúmọ̀", ó máa ń fà á gùn díẹ̀. Nọ́ọ̀sì máa ń gbọ́ ọ.

Ọkọ̀ náà funfun, ó ga, àwọn èèyàn tó wọ ṣòkòtò péńpé sì kún inú rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé òkun lẹ́wà. Omi ni. Ó pọ̀, ó sì ń mì.

Yàrá méjì ni nọ́ọ̀sì gbà, wọ́n kọjú síra wọn. Ọ̀kan ní ilẹ̀kùn gíláàsì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré tó kọjú sí omi. Èkejì ní ògiri mẹ́rin.

"Màmá, èyí ni tiyín. Ẹ̀yin àti Gbajúmọ̀."

"Kò ní fèrèsé."

"Ìsinmi lẹ wá ṣe, ẹ ò wá ṣọ́ òkun."

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún ló máa sùn."

Ọkọ nọ́ọ̀sì ti gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Mọ́tò ló ń tà, ó sì ní ẹ̀rín tí wọ́n fi ń ta mọ́tò.

"Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín fún wa."

"Kí ni kí n rẹ́rìn-ín sí? Ògiri?"

Ní àárọ̀ kejì, ní ibi ìjẹun, nígbà tí àwọn ọmọ lọ mú búrẹ́dì, nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Bó ṣe máa ń sọ fún aláìsàn pé wọ́n máa gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, láìyí ohùn padà.

"Màmá, tá a bá dé èbúté, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò ní bá yín padà. Ọ̀dọ̀ mi ló ń lọ. Mo ti wá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún un."

Ìyá àgbà ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Ó pa á dé etí kó tó dáhùn.

"Ọmọ ta?"

"Ọmọ mi."

"Ọmọ kan lo ní. Òun nìyẹn tó ń bọ́ ṣòkòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bu tíì."

Ọkọ nọ́ọ̀sì dìde, ó sáré lọ bá Gbajúmọ̀.

"Mi ò bá yín jà, Màmá. Mo kàn ń sọ fún yín ni."

"Ohun tó o ṣe gbé mi wá sórí omi nìyẹn."

"Tí mo bá wá sílé, ẹ ó gbé e pa mọ́. Ẹ ti ṣe é rí. Níbí, kò síbi tẹ́ ẹ máa gbé e gbà."

Ìyá àgbà jẹ búrẹ́dì náà, ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Bi í léèrè."

"Kí ni?"

"Lọ́jọ́ tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀, níṣojú èmi àtìwọ àti ọkọ ẹ, bi í pé ta ló fẹ́ bá lọ. Ẹni tó bá mú, kí ẹnì kejì gbé ẹnu ẹ̀ dákẹ́."

Ọkọ nọ́ọ̀sì ti gbé Gbajúmọ̀ dé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dáa, kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì wo ìyá rẹ̀ títí.

"Ẹ ò ní máa bú mi fún un?"

"Kí ni mo fẹ́ bú? Ìwọ lo ti bú ara ẹ tán."

"Mo ní ẹ ò ní bú mi fún un?"

"Mi ò ní bú ẹ."

Ìyá àgbà ló dá àbá náà, kò sẹ́ni tó fi ipá mú un. Ó dá a lójú.

Nọ́ọ̀sì ò fi àkókò ṣòfò. Lókè ọkọ̀ náà, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kan wà tó ní kòtò gígùn tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀, tí ọmọdé ń jókòó sí láti òkè, tí á sì yọ̀ ṣọ̀ọ̀rọ̀ wọnú omi nísàlẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń bẹ̀rù omi. Ìyá àgbà ló ti sọ fún un láti kékeré pé omi máa ń mu ọmọ tí kì í gbọ́ràn. Nọ́ọ̀sì wọ ìsàlẹ̀ lọ, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Máa bọ̀. Mo máa hán ẹ." Ọmọ náà dúró lókè títí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ń kùn. Nígbà tó yá, ó dijú, ó jókòó, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó yọrí jáde, ó wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń padà lọ.

Ó lọ títí tí wọn ò kà á mọ́. Ìyá àgbà gbé Gbajúmọ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń wò wọ́n. Wọ́n ń jí ọmọ gbé níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré wá bá a, omi ń kán lára rẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí ẹ. Gbogbo èèyàn ló rí ẹ. Ìdí ẹ wà níta."

Ọmọ náà fi ọwọ́ fa aṣọ ìwẹ̀ náà wálẹ̀. Kò padà lọ yọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá àgbà rò pé òun ti gba nǹkan kan padà.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà fọ aṣọ gbogbo wọn nínú abọ́ ìfọwọ́ inú yàrá rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ òfo ṣe. Ó sá aṣọ náà sórí irin tó wà lára ògiri, láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ dé ẹnu ọ̀nà àwọn àjèjì. Ọkùnrin tó ń tún yàrá ṣe wá bá a, ó tẹrí ba.

"Ẹ má bínú, Màmá. A kì í sá aṣọ síbí."

"Kí ni wọ́n wá gbé irin síbẹ̀ fún?"

"Kí èèyàn lè dì í mú tí ọkọ̀ bá ń mì."

"Ó dáa, aṣọ ló dì í mú."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dúró títí wọ́n fi kó o. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá bá ìyá àgbà kó o. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá aláìnífèrèsé, wọ́n ń ká aṣọ tútù. Ọmọ náà ní Àǹtí fẹ́ kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ní Àǹtí ní òun ní ẹsẹ̀ tó dáa fún un. Ó ní Àǹtí báyìí, Àǹtí báyìí.

Ìyá àgbà gbọ́ ọ títí, kò lè gbà á mọ́.

"O mọ bó o ṣe dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Ẹ ní Àǹtí lọ síléèwé."

"Ọmú ṣì ń jò sí i láṣọ lọ́jọ́ tó gbé ẹ wá. Ó gbé ẹ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, láàárín àjákù aṣọ, ó jáde lọ wọkọ̀. Mo ní kó tiẹ̀ yíjú wò ẹ́. Kò yíjú. O sunkún títí ohùn ẹ fi há. Ẹni tó ń hán ẹ nínú omi nìyẹn."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń ká síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ ìyá rẹ̀. Ó ká a, ó tún un ká.

"Ṣé mo burú ni?"

Èèyàn gidi á ti sọ pé rárá. Ìyá àgbà ní, "O pọ̀ jù fún un ni."

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Àwọn tó ń yin òótọ́ ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi í gún ọmọdé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nídìí oúnjẹ, ọmọ náà bi í. Kò rọra bi í. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ dúró tì wọ́n pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.

"Àǹtí, ṣé lóòótọ́ lẹ ò yíjú wò mí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé mi sórí tábìlì?"

Nọ́ọ̀sì gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń wo iyọ̀. Nọ́ọ̀sì ì bá ti sọ pé òun kéré nígbà náà, pé ẹ̀rù ń ba òun, pé tóun bá yíjú òun ò ní lè lọ. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Kò sọ ọ̀kankan níbẹ̀.

"Màámi ẹ ló sọ fún ẹ. Ṣé wọ́n sọ èyí tó kù? Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé mo padà wá mú ẹ, tí wọ́n ní o ò sí nílé? O rántí ìgbà tí wọ́n tì ẹ́ mọ́ balùwẹ̀, tí wọ́n ní kó o má mí, pé gbọ́mọgbọ́mọ wà níta?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ṣíbí tirẹ̀ sílẹ̀. Ó rántí. Ó ń lá àlá rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

"Èmi ni gbọ́mọgbọ́mọ yẹn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mo ra bàtà wá fún ẹ lọ́jọ́ yẹn."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká jẹun, oúnjẹ ń tutù."

"Kí ni gbọ́mọgbọ́mọ?" Gbajúmọ̀ ló bi wọ́n.

"Jẹun ẹ."

Ọmọbìnrin náà wo ìkan, ó wo èkejì, bí ìgbà téèyàn bá ń wo ajá méjì tí wọn ò so mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi ẹni tó ń gbé oúnjẹ bóyá òun lè jẹ tòun ní tábìlì mìíràn.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, yàrá eré àwọn ọmọdé ló ń gbé. Ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì ṣọ̀rẹ́, ọmọ dókítà kan. Wọ́n mọ omi í wẹ̀, wọ́n sì mọ bàtà olówó iyebíye lójú. Wọ́n ti rí aṣọ tó wà lórí irin, wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ dé ibi tó wù wọ́n.

Ìyá àgbà ò mọ ìyẹn. Ohun tó mọ̀ ni pé òun ti sọ̀rọ̀ jù. Kì í bẹ ọmọdé, kò bẹ àgbà náà rí, ṣùgbọ́n ó ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó tú gèlè aláwọ̀ ojú ọ̀run tó dára jù nínú ẹrù rẹ̀, ó gé e, ó fi ọwọ́ rán yẹ̀rì kékeré kan tí ọmọ lè so mọ́ orí aṣọ ìwẹ̀, tí ìdí ò fi ní hàn. Ó ṣẹ́ etí rẹ̀ wẹ́wẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún ìyàwó. Lẹ́yìn náà ó wọ sílípáàsì rẹ̀, ó gbé e lọ sí yàrá eré.

Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta lẹ fẹ́ rí, Màmá?"

"Ọmọ mi. Pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Nọ́ọ̀sì wà nínú yàrá náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú Gbajúmọ̀ dé. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ dókítà. Gbogbo wọn yíjú.

"Ìyá ẹ nìyẹn?" ni ọ̀kan nínú wọn bi í.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo sílípáàsì náà. Ó wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ ìyá àgbà.

"Rárá. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni. Òun ló ń fọṣọ wa."

"Ó mà ti dàgbà."

"A ò rí kékeré rà ni."

Àwọn ọmọ náà ya ẹ̀rín. Ẹnu yẹn, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló ti kọ́ ọ; kò sí ẹlòmíì nínú ìdílé náà tó lè yára dá irú èsì bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kó sọ. Ó ń fi ọwọ́ ra Gbajúmọ̀ lórí.

"Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n, Mà?" ni olùtọ́jú bi í.

"Wọ́n bá wa wá," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ìyá àgbà na yẹ̀rì náà sí olùtọ́jú.

"Ẹ bá mi fún ọmọ ọ̀gá mi," ó ní, ó sì padà lọ.

Kí wọ́n tó pe oúnjẹ alẹ́, ọmọ náà wá. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Màámi."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Màámi ẹ ò sí níbí. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló wà níbí, ó ń sinmi."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Eré ni mo ṣe."

"O ṣe é dáadáa."

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó ti so yẹ̀rì náà mọ́dìí lórí ṣòkòtò. Nínú yàrá, Gbajúmọ̀ fi etí mọ́ ilẹ̀kùn.

"Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún."

"Jẹ́ kó sun ún. Omi ò wọ́n níbí."

Ìyá àgbà ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Bó bá ṣí i lálẹ́ yẹn, tiẹ̀ ni ọmọ, kò sí ìbéèrè kankan tó kù. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó dun ọmọ náà wọnú egungun, kó lè rántí. Ó ní kó di ọ̀la. Ó gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì níta tó ń sọ pé, "Dìde. Ṣé o rí bí wọ́n ṣe rí," ó sì gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn lọ. Ó fi ọwọ́ ilẹ̀kùn náà sílẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ dé èbúté, wọ́n kó gbogbo èèyàn sí gbọ̀ngàn kan tó kún fún àpótí, kí wọ́n máa pè wọ́n jáde. Ọkọ nọ́ọ̀sì nu ojú fóònù rẹ̀, ó gbé e sókè.

"Ó yá o. Bá a ṣe sọ ọ́."

"Gbé nǹkan yẹn sọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ó lóṣòó síwájú ọmọ náà. Ìyá àgbà dúró lórí ìró, ó di báàgì rẹ̀ mú.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́, Màámi ń lọ sílé wọn. Àwa ń lọ sílé wa. Ìwọ ni kó o sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ta lo fẹ́ bá lọ?"

Ọmọ náà ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Màámi."

Nọ́ọ̀sì ò dìde. Ọkọ rẹ̀ bojú wo ibòmíì.

Ìyá àgbà ti borí. Kò kù ju kó na ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ dókítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ńlá pẹ̀lú àwọn òbí wọn, kò jìnnà rárá, ìyá àgbà sì ti rí wọn.

"Ta ni mí sí ẹ?"

"Màámi mi."

"Sọ fún àwọn yẹn."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò wọ́n. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn juwọ́ sí i.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ."

"O rí ẹnu fi sọ èkíní. Kọjá lọ síbẹ̀, kó o sọ èyí náà kí wọ́n gbọ́."

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ nìkan ló dé.

"Wọn ò gbọ́," ni ìyá àgbà wí.

Ọmọ náà tẹjú mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ìyá àgbà ò dúró kó tún gbìyànjú. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó wo ọmọ tó bí, tó ṣì lóṣòó sílẹ̀.

"Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́," ó ní, kò fà á gùn rárá, "gba ọmọ ẹ."

Ọjọ́ pẹ́ tí nọ́ọ̀sì ti ń fẹ́ kó pè é bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Ṣé o ti rí i báyìí? Mo sọ fún ẹ pé wọn ò fẹ́ ẹ."

Ìgbà yẹn ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá kígbe. "Màámi!" Ó dún débi tí àwọn ọmọ dókítà fi yíjú, tí àwọn òbí wọn àti gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. Gbogbo wọn gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ṣe fẹ́. Ìyá àgbà dúró. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń wò ó, ó sì ti sọ ohun tó sọ.

"Màmá, ẹ má dúró sójú ọ̀nà," ni ẹ̀ṣọ́ wí.

"Mi ò dúró," ó ní, ó sì jáde.

Ó wà ní ibùdókọ̀ nígbà tí mọ́tò wọn yọ. Ọkọ nọ́ọ̀sì rọra pa á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Màmá, ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká gbé yín délé."

Nọ́ọ̀sì wà níwájú, ó ń wo ọ̀nà. Ní ìjókòó ẹ̀yìn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ojú rẹ̀ ti wú ti sún mọ́ Gbajúmọ̀, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ìyá àgbà rí àyè náà. Ó ń dúró kí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé tó bá ti sọ pé "Màmá, ẹ jọ̀ọ́" báyìí, òun á wọlé. Nọ́ọ̀sì náà ń dúró. Ó ní lọ́kàn tirẹ̀ pé tí ìyá òun bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn báyìí, òun á bọ́ọ́lẹ̀ ṣí i fún un. Bọ́ọ̀sì kan dé ẹ̀yìn wọn, ó fun fèrè, ó tún fun ún.

"Màmá?" ni ọkọ nọ́ọ̀sì wí.

"Ẹ̀ ń dí wọn lọ́nà," ni ìyá àgbà wí.

Ọkọ nọ́ọ̀sì gbé gíláàsì sókè, ó wa mọ́tò lọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sún padà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó nàsẹ̀ sí àyè náà.